Ìgbà Tí Ràdíátù Kọ̀ Láti Fọwọ́ Lu Ilẹ̀

Ràdíátù èwo? Ti télọ̀ ni àbí ti oníjà?

Ohun tí wọ́n máa ń bi àlejò tó bá ń wá a kiri ní Olódì-Apápá nìyẹn. Ẹni tó bá ní ti télọ̀ lòun ń wá, wọ́n á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fara ti ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ní ti oníjà ni, ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà ni wọ́n á nawọ́ sí, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, nítorí ẹnì kan náà ni.

Ọmọ Sàláwù ni Ràdíátù. Wáàfù Apápá ni Sàláwù ti lo gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ń ru àpò ìrẹsì àti àpò ṣúgà jáde láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Ràdíátù kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Àwọn ẹbí ní kí Sàláwù fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ní òun ti gbọ́, kò sì fẹ́ ẹnì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se oúnjẹ ọmọ, òun ló ń mú un lọ sí ilé kéwú. Irun dídì nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò gbà, ìyẹn ló máa ń bẹ àwọn obìnrin àdúgbò sí. Nígbà tí ọmọ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Ràdíátù kò sì rán búbá àti ìró bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ àwọn ará wáàfù àti ti àwọn mẹkáníìkì ló yàn láàyò, kakí tó nípọn tí abẹ́rẹ́ lásán kì í gún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ le bí ìka ọkùnrin nítorí fífa tó ń fa aṣọ náà.

Ní ọdún 2010, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Benson wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà. Urhobo ni, ó ti pẹ́ tó ti ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀wù funfun kan ló gbé lọ́wọ́, ó nípọn bí àpò, abíyá rẹ̀ sì ti ya.

"Sísí, ṣé ẹ̀rọ rẹ lè gún èyí?"

"Ó lè gún un, sà. Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Gíì. Aṣọ ìjà ni."

Ràdíátù yí ẹ̀wù náà síwá sẹ́yìn. Kọ́là rẹ̀ le gbagidi, wọ́n sì rán an ní ìlọ́po, bíi pé ẹni tó rán an mọ̀ pé ẹnìkan á fi gbogbo agbára fà á lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Irú ìjà wo lèèyàn ń múra báyìí lọ?"

"Bá mi rán mẹ́fà irú rẹ̀," ni Benson wí, "kí o gbé e wá fúnra rẹ, kí o fojú ara rẹ rí i."

Òkè ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì ni Benson ti ń kọ́ àwọn ènìyàn. Ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ó sì fi tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà bò ó pinpin. Nígbà tí Ràdíátù gbé aṣọ dé ibẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan gun obìnrin kékeré kan mọ́lẹ̀. Ràdíátù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú ìjàkadì tí òun mọ̀, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ti ṣubú nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fẹ̀yìn lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì wọ inú kọ́là ọkùnrin náà, ó lọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. Kò pẹ́ tí ojú ọkùnrin náà fi pọ́n. Ló bá fọwọ́ lu tapólì, pa, pa, pa, obìnrin náà sì jáwọ́.

"Ó ti táàpù," Benson ṣàlàyé. "Ìyẹn ni pé ó ti gbà. Tí wọ́n bá fún ọ lọ́rùn, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣẹ́ oríkèé rẹ, o fọwọ́ lu ilẹ̀, ìjà parí, ẹ jọ dìde, ẹ bọwọ́. Tí ẹnì kankan ò bá táàpù títí àkókò fi pé, rẹfirí á ka póìntì."

Ràdíátù kò gbọ́ ti póìntì. Kọ́là tí wọ́n fi fún èèyàn sìgbọnlẹ̀ lọ́rùn ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ èmi náà."

Nílé, Sàláwù ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ọmọ obìnrin tó fẹ́ máa yí nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé gíì tó rán fún ara rẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀. Ó bò ó láti ọrùn dé kókósẹ̀. Sàláwù wò ó títí.

"Àwọn obìnrin ni o máa bá jà?"

"Obìnrin ni, Bàbá. Ní ìdíje, obìnrin nìkan."

"Aṣọ yìí bo ara ju yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé rẹ lọ," ni bàbá wí. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n ìbòrí rẹ ò gbọdọ̀ bọ́."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ìrọ̀lẹ́, ó di ilé ìkẹ́rùsí. Kò ga, kò sì yára, ṣùgbọ́n kọ́là tí Ràdíátù bá ti kì ọwọ́ bọ̀, kò sí ẹni tó lè já a gbà. Láàárín ọdún díẹ̀, kò sí obìnrin tó wà níbẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ lu ilẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ lù ú. Tí wọ́n bá mú un lápá, á máa yí, á máa jà, títí Benson á fi pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ń yìn ín fún un. Benson kò yìn ín.

Àríyànjiyàn kan wà níbẹ̀ tí kì í tán. Ní ọjọ́ mìíràn, Benson máa ń ní kí wọ́n bọ́ gíì sílẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ pélébé tó lẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n jà láìsí kọ́là, láìsí apá ẹ̀wù. Nó-gíì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ṣínà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn agbẹrùjáde ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù, fẹ́ràn nó-gíì ju oúnjẹ lọ. Ó ní ibẹ̀ ni èèyàn ti ń táàpù jù.

"Irọ́ ni," ni Ràdíátù máa ń wí. "Níbi tí kò sí kọ́là, kí lo máa dì mú? Òógùn ni? Ẹni tí kò wọ gíì dà bí ẹja àrọ̀. Bí o ṣe ń mú un ló ń yọ̀."

"Gíì tìrẹ yẹn dà bí wáyà tí wọ́n fi de ènìyàn méjì pọ̀," Ṣínà á dáhùn. "Ìwọ dì í mú, òun náà dì ọ́ mú, ẹ máa wá wo ara yín lójú títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Tí wọ́n bá bi Benson, á rẹ́rìn-ín. "Mo ti rí i kí gíì borí, mo sì ti rí i kí nó-gíì borí. Ẹni tó ń jà ni kí ẹ wò." Ìdáhùn yìí kì í tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ní ọdún 2014, àwọn ẹgbẹ́ bí tiwọn kóra jọ, wọ́n ṣe ìdíje ńlá kan ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Apápá. Ọjọ́ Sátidé ni ti gíì, ọjọ́ Sọ́ńdè ni ti nó-gíì. Ṣínà ní òun máa ka gbogbo táàpù ọjọ́ méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ ó lè parí. Inú Ràdíátù dùn. Ó dá a lójú pé ẹnu Ṣínà máa wọhò.

Ràdíátù fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ti Sọ́ńdè náà, kó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀rù ń bà á. Aṣọ ló ṣòro. Ó rán èyí tó lápá gígùn, ó rán ṣòkòtò tó dé kókósẹ̀, ó sì rán ṣòkòtò péńpé kan tó fẹ̀ lé e lórí, ó mú un lọ bá bàbá rẹ̀. Sàláwù dì í mú lọ́wọ́, ó yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Tí mo bá ní má lọ, ṣé o máa jókòó?"

"Màá jókòó, Bàbá."

Ìdáhùn yẹn ló rọ bàbá nínú. Ó ní, "O ti dàgbà. Èyí tí ọkàn rẹ bá balẹ̀ sí níwájú Ọlọ́run ni kí o wọ̀. Èmi náà á wá wò ó."

Ọjọ́ Sátidé pé. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìjà ni ọkàn Ràdíátù ń rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn oníjà wọ gíì wọn, wọ́n gbá kọ́là àti apá ẹ̀wù ara wọn mú, wọ́n sì há síbẹ̀. Ohun tí ẹnìkan fi ń di ẹnìkejì mú náà ni ẹnìkejì fi ń dá a dúró. Rẹfirí ń ka póìntì ṣáá. Nínú ìjà mẹ́wàá, bóyá méjì tàbí mẹ́ta ló parí sí kí ẹnìkan fọwọ́ lu ilẹ̀. Ràdíátù gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n póìntì ló fi gbà á nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá a jà di kọ́là tirẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ Ràdíátù wọlé.  Ṣínà kàn ń fi ehín han.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, bí òjò ni táàpù ń rọ̀. Àwọn oníjà kò wá ọrùn mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á wé ẹsẹ̀ ara wọn bí okùn, wọ́n á gbá gìgísẹ̀ mọ́ abíyá, wọ́n á yí i, onítọ̀hún á sì yára fọwọ́ lu ilẹ̀. Ó lé ní ìdajì ìjà tó parí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin, ọmọ Ijaw kan tó ń jẹ́ Ebiere ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe gbogbo wọn bó ṣe wù ú. Àdúgbò Kókónọ́ọ̀tì ló ti wá, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lẹ táyà tírélà. Òun àti Ràdíátù ni wọ́n jọ bá ara wọn ní àṣekágbá.

Sàláwù wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó dúró, kò fẹ́ jókòó.

Ìjà náà kò tíì gbóná tí Ebiere fi jókòó sílẹ̀, ó yọ́ sábẹ́ Ràdíátù, ó wé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gbá gìgísẹ̀ mú. Benson ti kọ́ wọn nípa èyí. Ó máa ń ní, "Tí wọ́n bá mú gìgísẹ̀ rẹ, má dúró de ìrora. Orúnkún ló máa já kí ìrora tó dé." Ràdíátù rántí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ òun. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbéra láti lu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ lérí, ó gbọ́ ohùn Ṣínà tó ń pariwo, "Òmíràn tún rèé! Òmíràn tún rèé!" Ló bá di ìkúùkù.

Ebiere rọra yí gìgísẹ̀. Nǹkan kan fà tẹ̀ẹ́ nínú orúnkún Ràdíátù.

"Tap, abeg," Ebiere sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹsẹ̀ ẹ ti fẹ́ já o."

Ràdíátù mi orí.

"Sister, tap now!"

Ó tún mi orí. Ẹ̀yìn wọn ni rẹfirí dúró sí, kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ebiere wojú Ràdíátù bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún níbi eléwu. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Gìgísẹ̀ bọ́. Ràdíátù kò ronú lẹ́ẹ̀kejì, ara ló ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yípo, ó gun ẹ̀yìn Ebiere, ó kì apá bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fún un. Ebiere fọwọ́ lù ú ní apá, ó táàpù.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n gbé ọwọ́ Ràdíátù sókè. Ó ń tiro. Ṣínà sáré wá, ó ń fò, ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ìwọ fúnra rẹ lo tún fi kún un fún mi!" Ràdíátù kò rẹ́rìn-ín. Ebiere ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ti kó ẹrù rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, Sàláwù yíjú sí i nígbà tí wọ́n kọjá afárá.

"Ọmọbìnrin yẹn," ó wá ní, "kí ló ń sọ sí ọ létí?"

Ràdíátù kì í purọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́.

"Ó ṣe ọ́ lóore nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ti dúpẹ́?"

"Rárá, Bàbá."

Sàláwù kọjú sí ọ̀nà. Ì bá tiẹ̀ sàn fún Ràdíátù kó bá a wí.

Ní ọjọ́ kejì, orúnkún náà wú bí bọ́ọ̀lù. Kò lè tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Aṣọ àwọn mẹkáníìkì kó jọ pelemọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì wọ́n, ó ń wo mẹ́dà méjì tó fi kọ́ sára ògiri. Ti Sátidé, ó lè wò ó. Ti Sọ́ńdè, tó bá ti wò ó, ojú ń tì í. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì tún balẹ̀. Nígbà tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kókónọ́ọ̀tì.

Ó bá Ebiere níbi tó ti ń fi irin yọ táyà tírélà kan, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Ebiere rí i, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ káàárọ̀ o, champion."

"Mo wá dúpẹ́ ni," ni Ràdíátù wí. "Mo sì fẹ́ lọ sọ fún àwọn tó ṣe ìdíje náà pé ìwọ lo jáwé olúborí. Ìwọ lo mú mi. Ó yẹ kí n táàpù."

Ebiere ju irin sílẹ̀. Inú ń bí i, ó sì hàn.

"Má lọ sọ nǹkan kan. Èmi ni mo jáwọ́, nobody force me. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ẹ́. Kí ló dé tó ò táàpù?"

"Mi ò mọ̀. Bàbá mi ń wò mí. Mi ò fẹ́ kí..."

"Kí n sọ tèmi fún ẹ." Ebiere nu ọwọ́ sí àkísà. "Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ máa ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó lágídí bíi tìẹ. Mo mú gìgísẹ̀ ẹ̀, kò táàpù, mo rò pé kò dùn ún, mo yí i. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Títí dòní, tí igi bá ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ni mò ń gbọ́. Ìwọ dákẹ́ síbẹ̀, ò ń mi orí. O gbé ẹsẹ̀ ẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá ẹ pinnu. Ẹsẹ̀ ẹ ni! Kì í ṣe iṣẹ́ mi!"

 Láti ọjọ́ tí Ràdíátù ti ń jà, ìgboyà ló ń pe ohun tó ń ṣe yẹn. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹni tó di òun mú náà ń ru ẹrù kan.

"Má bínú," ó sọ níkẹyìn. "Mi ò rò ó dé ibẹ̀."

Ebiere wò ó, ó wo orúnkún tó wú. Ó fẹsẹ̀ fa táyà kan wá fún un pé kó jókòó. Ó bu omi tútù fún un. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa gìgísẹ̀, bí èèyàn ṣe lè yọ ọ́ kí wọ́n tó gbá a mú, Ebiere ń fi okùn àti irin táyà ṣe àpẹẹrẹ fún un. Àwọn dírẹ́bà tírélà ń wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ Ràdíátù ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jáwé olúborí, nítorí Ebiere ti ní kò gbọdọ̀ lọ sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ fún gbogbo àwọn tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Ṣínà yọ orí, ó ní, "Ó dáa, ta ni kí n kà á fún báyìí? Táàpù kan ṣáà wà níbẹ̀."

"Fi sílẹ̀ bó ṣe wà," Benson dá a lóhùn. "Kò sí ìdíje tí ò ní ẹni tó yẹ kó táàpù tó kọ̀. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí ò ń kà." Ó wá yíjú sí Ràdíátù. "Ìwọ ńkọ́, o ti ṣe tán láti kọ́ ọ?"

"Kí ni, sà?"

"Ọwọ́ lílù mọ́lẹ̀."

Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣe àwàdà. Ó ju oṣù kan lọ tó fi jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ ti tẹ Ràdíátù ni ìdánrawò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gíì àti láìsí gíì, á lu ilẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó ń lù ú bí ẹni tó ń tọrọ gáàfárà. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ó sì rí i pé bí ẹ̀rù táàpù ṣe kúrò lára òun, òun ń dán ohun tí òun kì í dán wò tẹ́lẹ̀ wò. Ebiere bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Kókónọ́ọ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ràdíátù rán gíì kan fún un, Ebiere ní bùláńkẹ́ẹ̀tì ni, ó wọ̀ ọ́ tìbínú-tìbínú, Ràdíátù sì fi kọ́là rẹ̀ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì tún pàdé ní nó-gíì. Kì í ṣe àṣekágbá, ìjà tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ràdíátù jà dáadáa, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ẹ̀yìn Ebiere lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ebiere. Bó ṣe gbá gìgísẹ̀ mú báyìí, tí kò tíì yí i rárá, Ràdíátù fọwọ́ lu ilẹ̀, pa, pa, pa, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ebiere jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Sàláwù ni. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé, "Bàbá, ọmọ yín ló pàdánù o."

"Mo rí i," ni Sàláwù wí, kò sì dáwọ́ pípàtẹ́wọ́ dúró.

Ebiere wọ àṣekágbá, ọmọbìnrin kan láti Ìkòròdú sì borí rẹ̀ níbẹ̀. Ràdíátù ló jókòó tì í lẹ́yìn ìjà, tó ń fi yìnyín tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tẹ èjìká rẹ̀. Sàláwù ra ẹ̀pà sísè wá fún wọn, wọ́n ń bó o jẹ, wọ́n sì ń jiyàn lórí ibi tí Ebiere ti ṣì í, títí àwọn tó ni gbọ̀ngàn fi ní kí wọ́n dìde, àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.